Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Koríko Àyíká Ilé Nígbà Ooru

Ọ̀pọ̀ koríko tó ń kú nígbà ooru, oòrùn kọ́ ló pa á. Ẹni tó ń bomi rin ín ni. Mo ti rí i léraléra: oòrùn á mú fún ọjọ́ mẹ́ta, onílé á fa rọ́bà omi jáde nírọ̀lẹ́, á wọ́n omi lé koríko fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ewé á máa dán, inú rẹ̀ á dùn, á wọlé lọ. Ó di ọjọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kí oṣù tó yí po, koríko náà á ti gbẹ hán-ún, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń fún un lómi.

Kí a tó kan omi, ẹ gbé abẹ ẹ̀rọ ìgékoríko yín sókè. Àwọn tó ń gé koríko mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà tètè gé òmíràn ń ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn. Ewé tó bá gùn ló ń ṣíji bo ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí èpò rí ìmọ́lẹ̀ hù. Irú koríko tó fẹ́ràn ojú ọjọ́ tútù, ẹ fi í sílẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 7 sí 10. Koríko Bermuda àti àwọn tí ewé wọn tín-ín-rín bíi tirẹ̀ lè wà ní 3 sí 5. Èyíówù kó jẹ́, ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ewé lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Abẹ gbọ́dọ̀ mú. Abẹ tó ti kú kì í gé ewé, ńṣe ló ń fà á ya, orí ewé á funfun, á wá pọ́n. Fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá ni mo fi ń pọ́n tèmi, kò sí ìdí láti ra ẹ̀rọ kankan fún un. Ẹ ṣáà yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ. Ewé tí ẹ bá gé, ẹ fi í sílẹ̀ kó jẹrà síbẹ̀. Oúnjẹ koríko ni.

Ó wá kan omi.

Gbòǹgbò kì í lọ síbi tí omi ò bá dé. Bó bá jẹ́ pé òkè ilẹ̀ nìkan lẹ ń rẹ lójoojúmọ́, òkè ilẹ̀ náà ni gbòǹgbò á dúró sí, ibẹ̀ sì ni oòrùn kọ́kọ́ ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tí koríko tí wọ́n ń kẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń rọ lọ́sàn-án ọjọ́ tí onílé bá rìnrìn àjò. Ohun tí a ń wá ni kí omi wọlẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 15, kí a wá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí gbòǹgbò wá omi lọ sísàlẹ̀.

Mílímítà 25 lọ́sẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ koríko, bí òjò bá sì rọ̀, ẹ yọ tòjò kúrò nínú rẹ̀. Lórí mítà kan níbùú lóròó, lítà 25 ni, ó ju garawa kan dáadáa lọ. Ẹ fi èyí wé ìṣẹ́jú márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wá agolo òfìfo márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ìdí àti ẹnu wọn fẹ̀ dọ́gba, ẹ tò wọ́n káàkiri orí koríko, ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi rúlà wọn omi inú wọn. Bó bá jẹ́ mílímítà 6, wákàtí kan nìyẹn lọ́sẹ̀. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí agolo kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tí òmíràn sì gbẹ, ẹ sún ẹ̀rọ náà. Ibi tí agolo ti gbẹ ni koríko ti máa kọ́kọ́ pọ́n.

Ilẹ̀ amọ̀ nílò sùúrù. Kì í tètè mu omi, nítorí náà ẹ bu omi sí i fún ìṣẹ́jú 15, ẹ dá a dúró fún ààbọ̀ wákàtí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá ti ń ṣàn lọ sójú títì, ẹ ti pẹ́ jù kí ẹ tó dá a dúró. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ti irin ṣóńṣó kan bọlẹ̀. Ibi tó bá ti kọ̀ láti wọlé mọ́ ni omi yín dé.

Ìdájí ni kí ẹ bomi rin ín. Lọ́sàn-án, oòrùn àti afẹ́fẹ́ á gba nínú rẹ̀. Lálẹ́, ewé á sùn nínú omi, àrùn á sì rí àyè. Jíjí ni mo máa ń jí fún un.

Ìgbà wo lẹ máa tún un ṣe? Ẹ rìn kọjá lórí koríko nírọ̀lẹ́, kí ẹ bojú wẹ̀yìn. Bí ojú ẹsẹ̀ yín bá ṣì hàn, tí àwọ̀ ewé sì ti ń ṣe bí eérú, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́.

Ajílẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀ títí ooru á fi rọlẹ̀. Oògùn èpò náà lè jó koríko nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti kọjá ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ fọwọ́ fa èpò tu nígbà tí ilẹ̀ bá ṣì tutù.

Bó bá pọ́n ńkọ́? Ẹ di ìwọ̀nba ewé kan mú, ẹ fà á. Bó bá di ilẹ̀ mú ṣinṣin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ńṣe ló sùn, kò tíì kú. Bó bá ká kúrò nílẹ̀ bí ẹní tí kò ní gbòǹgbò, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ìdin ló ń jẹ ẹ́. Èyí tó sùn, ẹ má jí i lónìí kí ẹ tún pa á tì lọ́la, oúnjẹ tó tọ́jú pa mọ́ lẹ ń mú kó ná dànù. Mílímítà 12 ní ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta síra tó láti mú kí ìdí rẹ̀ wà láàyè. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Tí ooru bá rọlẹ̀ tí omi sì dé, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó pinnu ibi tí ẹ máa tún gbìn.