Ojú tó wọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀, láti ọmọdé dé àgbà

“Bó bá dàgbà, ojú rẹ̀ á tọ́.” Ọ̀rọ̀ yìí ti ba ojú ọmọ púpọ̀ jẹ́. Lóòótọ́, ojú ọmọ tuntun lè máa yà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bí ojú kan bá ṣì ń yà sí imú tàbí sí etí lẹ́yìn oṣù 4, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Àwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ojú méjèèjì ń gbé lọ sọ́pọlọ. Kí nǹkan má bàa dàrú mọ́ ọn lójú, ọpọlọ ọmọ á pa ti ojú tó wọ́ tì. Ọmọ ò ní sunkún, kò ní ráhùn, torí ojú kejì ń ríran kedere. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tètè fura, ojú tí wọ́n pa tì lè máa rí bàìbàì títí ayé, gíláàsì lásán ò sì ní tún un ṣe mọ́. Bí àárín ẹyinjú bá ń funfun nínú fọ́tò, ẹ má sùn lé e rárá: ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Bí dókítà bá ní kí a bo ojú kan láti tọ́jú ọmọ, ojú tó wọ́ kọ́ là ń bò. Èyí tó dáa là ń bò, kí èyí tó ń ṣọ̀lẹ lè ṣiṣẹ́, fún iye wákàtí tí dókítà bá sọ. Àwọn òbí kan tún máa ń bọ́ gíláàsì ọmọ nítorí pé ojú ti tọ́. Gíláàsì náà ló mú un tọ́ o!

Ọmọ ọdún 10 ńkọ́? Kò tíì pẹ́ jù. Ó le ju ti ọmọ ọdún 4 lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ti kọjá ọdún 7 ṣì ń jèrè ìtọ́jú.

Ti àgbàlagbà yàtọ̀ pátápátá. Ọpọlọ rẹ̀ kì í sábà lè pa àwòrán tì mọ́, nítorí náà bí ojú bá ṣàdédé wọ́, ohun kan á di méjì: àtẹ̀gùn méjì, kò sì mọ èyí tó máa tẹ̀. Ẹ má pè é ní àárẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí rọpárọsẹ̀ lè wà nídìí ẹ̀. Bí ẹ̀fọ́rí líle bá bá a rìn, tàbí ìpéǹpéjú kan ṣubú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Nínú àwọn arúgbó, ohun tó so iṣan ojú ró lè dẹ̀, kí ohun tó jìnnà sì máa di méjì. Wọ́n á ní ojú àgbà ni, wọ́n á máa pààrọ̀ gíláàsì kíkàwé.

Iṣẹ́ abẹ kò sì parí sí ìgbà ọmọdé. Kì í ṣe tìtorí ẹwà nìkan, ó lè mú kí ojú méjèèjì tún máa wo ibì kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dá ìríran tó ti sọnù láti kékeré padà. Ẹni tó ku ojú kan tó ń rí dáadáa kò gbọ́dọ̀ gé irin tàbí igi láìwọ gíláàsì ààbò.