Bí a ṣe ń fi eré sísá gun Òkè Ìdànrè, pẹ̀lú ọ̀nà Kíríjì fún ẹni tó bá fẹ́ sí i

Kìlómítà kì í sọ òótọ́ lórí òkè. Ẹni tó ń sá kìlómítà 8 lórí títì Èkó láìsinmi lè dé ìdajì àtẹ̀gùn Ìdànrè kó jókòó sílẹ̀. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò le, ìṣirò rẹ̀ ni kò pé. Ẹ ka gíga mọ́ jíjìn: gbogbo mítà 100 tí ẹ bá gùn, ẹ fi kìlómítà kan kún un. Ọ̀nà tó jẹ́ kìlómítà 8, tí gígùnkè inú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 300, iṣẹ́ kìlómítà 11 ni. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 7 sá kìlómítà kan yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 77 níbẹ̀, láì tíì ka ìdúró. Àkókò yìí ni kí ẹ fi ṣètò omi, oúnjẹ àti ìgbà tí ẹ ó kúrò nílé.

Ọ̀nà Ìdànrè

Ìdànrè wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní gúúsù Àkúrẹ́. Orí òkè ni àwọn ará ìlú ń gbé títí wọ ọ̀rúndún ogún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ fi wà lókè níbi tí mọ́tò kò lè dé. Láti 2007 ni ibẹ̀ ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà dárúkọ fún UNESCO pé kí wọ́n kà mọ́ ogún àgbáyé. Fún eléré sísá, àǹfààní rẹ̀ ni pé àwọn ohun tí a fẹ́ wò wà níbi tí ẹsẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi gan-an.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu àtẹ̀gùn. Ojú títì tó so Aládé mọ́ Òdòde ni kí ẹ ti fi ìṣẹ́jú 20 sí 25 sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kí iṣan tó gbóná. Apá òsì títì ni kí ẹ máa gbà, kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú yín. Ọkọ̀ akẹ́rù àti ọ̀kadà kì í yà fún eléré sísá, ẹ̀yin ni kí ẹ yà. Láti oṣù October títí di January, kòkó ni wọ́n ń sá sí etí títì àti orí sìmẹ́ǹtì iwájú ilé. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fò ó. Owó ọdún kan ni ẹlòmíràn tẹ́ síbẹ̀.

Lẹ́nu ibodè, ẹ san owó ìwọlé, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ ọ̀nà níbẹ̀. Àtẹ̀gùn náà lé ní 600. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 16, ó ti tó mítà 100 lójú kan, èyí tí a ti sọ pé kìlómítà kan ni. Ó ní irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní ibi ìsinmi lójú ọ̀nà. Bí a ṣe ń gùn ún nìyí:

1. Àtẹ̀gùn 30 àkọ́kọ́, ẹ rìn. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń fi agbára ṣòfò.
2. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sáré 20, ẹ rìn 20, ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń fo méjì-méjì yóò jo itan rẹ̀ run kí ó tó dé ibi ìsinmi kejì.
3. Tí ẹ bá ń rìn, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti orí itan, kí ẹ sì tẹ síwájú díẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀, kì í ṣe láti ìbàdí. Ẹ̀yìn tó bá tẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró ṣí dáadáa.
4. Bí ẹ kò bá lè kí ẹni tó ń sọ̀ bọ̀ pé “ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí” láìmí gúlegúle, eré ti pọ̀ jù. Ẹ rìn títí ọ̀rọ̀ yóò fi ja geere lẹ́nu yín.

Lókè, ilẹ̀ tẹ́ díẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì gba àárín ìlú àtijọ́ kọjá. Ààfin ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ wo òpó gbígbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́. Ẹsẹ̀ Agbóògùn, ojú ẹsẹ̀ inú àpáta tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu, jìnnà sí i díẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì le. Ẹni tó mọ̀nà ni kó ṣíwájú. Ẹ ṣọ́ àárín àpáta, ẹ ó rí ẹranko kékeré kan tó ń yáàrùn, tí kò ní ìrù. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ má dúró ju ìṣẹ́jú 10 lọ pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Afẹ́fẹ́ orí òkè nígbà ọyẹ́ máa ń mú iṣan le gbandi, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ya nígbà tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ eré. Bí ẹ bá fẹ́ pẹ́, ẹ pààrọ̀ sí ẹ̀wù gbígbẹ. Tí ẹ bá sì tún fẹ́ sáré, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì rìn ná.

Òkè òrìṣà ni apá kan níbẹ̀. Òkè Ọ̀ròsùn ní ọdún tirẹ̀, àwọn ojúbọ kan sì wà tí àlejò kì í wọ̀. Tí amọ̀nà bá ní “ibí yìí kọ́”, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì yọ fóònù láti ya àwòrán.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún

Gígùnkè ń mú èèmí, ìsọ̀kalẹ̀ ń mú ara. Nígbà tí a bá ń sọ̀, iṣan iwájú itan ń nà, ó sì ń fa ara dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ méjì yìí ló ń ya á wẹ́wẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fi ara sẹ́yìn nítorí ẹ̀rù: gìgísẹ̀ á kọ́kọ́ balẹ̀, ẹsẹ̀ á yọ̀, ìdí á lu àpáta. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ìgbésẹ̀ kúrú, kó sì yára. Ẹ tẹ orúnkún, kí ojú yín wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí iwájú, kí apá sì ṣí bí ìyẹ́. Níbi tó bá dagẹrẹ jù, ẹ máa gbà á ní wọ́gọwọ̀gọ. Orí àtẹ̀gùn, ẹ rìn, kí ọwọ́ kan wà lára irin. Kò sí ẹni tó ń fún ènìyàn ní ife ẹ̀yẹ nítorí àtẹ̀gùn tó fi eré sọ̀.

Àpáta gbígbẹ máa ń di bàtà mú dáadáa. Ohun mẹ́ta ló ń sọ ọ́ di ewu. Èkíní ni ilà dúdú tí omi máa ń ṣàn gbà. Ó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ tí òjò bá ti kàn án, kódà lẹ́yìn tí òjò dá. Èkejì ni iyanrìn wínníwínní lórí òkúta gbígbẹ. Ẹ̀kẹta ni ewé gbígbẹ tó bo ihò. Bí àrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ sọ̀ kúrò lórí àpáta lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fara ti irin ìdìmú pẹ́.

Bàtà, omi, oúnjẹ

Bàtà eré tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, tí rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀, ni kí ẹ wọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjà. Kí àyè tó tó àtàǹpàkò kan wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ máa ń ti ẹsẹ̀ síwájú títí èékánná yóò fi dúdú. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì ń yọ̀ síwájú, ẹ fún okùn bàtà lókè, níbi ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ dẹ ẹ́ nísàlẹ̀.

Omi: ìdajì lítà fún wákàtí kan nígbà ọyẹ́, ó lè tó mílílítà 750 nígbà oòrùn March. Omi inú ọ̀rá máa ń jẹ́ ìdajì lítà, nítorí náà ọ̀rá kan ni wákàtí kan nígbà ọyẹ́. Ẹ fi ọ̀kan sínú fírísà lálẹ́ àná. Yóò yọ́ díẹ̀díẹ̀, yóò sì mú ẹ̀yìn yín tutù. Ẹ kó ọ̀rá náà padà bọ̀, ẹ má sọ ọ́ sí òkè baba onílé. Tí eré bá ju ìṣẹ́jú 90 lọ, omi lásán kò tó. Ẹ po lítà kan pẹ̀lú ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́jú àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa, nítorí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù yóò mú yín bì.

Ẹ jẹun ní wákàtí méjì ṣáájú: ògì tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì. Àkàrà dùn, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ikùn. Gààrí tútù máa ń wú lójú ọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tán. Lójú eré, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ní ìṣẹ́jú 45 tó.

Láti November dé àárín February ni ó dára jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́ débi pé ẹ rí ilẹ̀ láìtan iná, kí ẹ sì ti sọ̀ kí aago 10 tó lù, nítorí àpáta tó bá ti gba oòrùn máa ń jó ènìyàn láti ìsàlẹ̀.

Kíríjì

Ọ̀nà kejì yìí kò ní àtẹ̀gùn, kò sì ní àpáta kan tó dá dúró. Òkè àti àfonífojì tó ń tẹ̀lé ara wọn ni, láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti ja ogun Kíríjì. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí apá Igbájọ. Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn tó para pọ̀ láti bá Ìbàdàn jà, tí Ògèdèǹgbé Iléṣà jẹ́ olórí ogun wọn, wà ní apá Ìmẹ̀sí-Ilé. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Àrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù September, 1886, ṣùgbọ́n ibùdó kò tú pátápátá títí di 1893. Dídún ìbọn tó ń ró láàárín òkè ló fún ogun ní orúkọ.

Orí òkè tó kọjú síra ni ibùdó méjèèjì wà. Ohun tí èyí já sí fún ẹlẹ́sẹ̀ ni pé ẹ ó sọ̀ kí ẹ tó gùn, itan yín yóò sì ti rẹ̀ kí gígùnkè tó dé. Ẹ fi ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ falẹ̀ ju bí ara ṣe fẹ́ lọ. Pápá ogun fúnra rẹ̀ ti di igbó àti oko, ẹni tó bá dá wọ̀ ọ́ yóò rí igi nìkan. Ẹ lọ kí àwọn àgbà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, kí wọ́n fún yín ní ẹni tí yóò mú yín lọ. Ẹ rìn níbẹ̀, ẹ má sáré: tàkúté ọdẹ kò mọ àlejò. Ẹ̀wù pupa tàbí olómi ọsàn ni kí ẹ wọ̀ kí ọdẹ lè rí yín. Ẹ ní ọkọ̀ tó ń dúró ní ìparí, nítorí ọ̀kadà lè má sí níbi tí agbára yín bá tán sí.

Fún ọ̀nà méjèèjì, ó kéré tán kí ẹ jẹ́ mẹ́ta. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá rọ́, ẹnì kan á dúró tì í, ẹnì kan á lọ pe ènìyàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará ìlú ní ọjọ́ tó ṣáájú bóyá ọ̀nà dára, wọ́n máa ń mọ̀ ṣáájú ìròyìn. Ẹ fa máàpù ibẹ̀ sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ láàárín òkè.

Ìmúrasílẹ̀

Ará Èkó tí kò ní òkè ní afárá ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi mẹ́ta kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí tí yóò fi pé 20 ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ sọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra kan náà, torí ìsọ̀kalẹ̀ náà ni ìdánrawò gidi. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ ìgbéniròkè sọ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọjọ́ kejì ni ìrora itan máa ń le jù, kì í ṣe ọjọ́ kìíní. Ìyẹn kì í ṣe ìpalára. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì sáré ìsọ̀kalẹ̀ mìíràn fún ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá wú, tàbí tí ìrora bá dúró sí ojú kan tí ìka lè tọ́ka sí, ẹ lọ rí dókítà.