Lẹ́tà mẹ́tàlá: oṣù àkọ́kọ́ mi ní Wuhan

Ọjọ́ kejì oṣù September 2024 ni mo balẹ̀ sí Guangzhou ní Ṣáínà, ọjọ́ Monday ni, mo gba Addis Ababa wá láti Èkó, ẹsẹ̀ mi ti wú débi pé bàtà ò gbà á mọ́, àpò ńlá méjì wà lọ́wọ́ mi, èlùbọ́ àti gaàrí ló kún inú ọ̀kan. Àwọn èèyàn ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é tí mo fi rí ìwé ìgbélùú gbà, tí fóònù mi fi ń sanwó, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ibi tí mo ti ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

Físà X1 ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi, òun ni wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ kàwé ju ọjọ́ 180 lọ. Ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa físà yẹn ni pé ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹ ní lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wọlé, kẹ́ ẹ fi lọ bẹ̀rẹ̀ fún ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí wíwọlé àti jíjáde. Èmi ní tèmi rò pé ọgbọ̀n ọjọ́ pọ̀, mo ní màá kọ́kọ́ sinmi ná. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé láti October 1 dé October 7, ìsinmi orílẹ̀-èdè ni, gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ló máa tì pa, ọgbọ̀n ọjọ́ tèmi sì máa pé sáàárín ẹ̀ gbáko.

Guangzhou kọ́ ni mò ń lọ, Wuhan ni, torí náà tírénì ló kù. Ní ibùdókọ̀ Guangzhou South, gbogbo èèyàn ń fi káàdì ìdánimọ̀ wọn kan ẹ̀rọ, géètì ń ṣí fún wọn, èmi fi pásípọ́ọ̀tù kàn án títí, kò dá mi lóhùn, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, àfìgbà tí ọmọ kékeré kan nawọ́ sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kan tí òṣìṣẹ́ jókòó sí. Ibẹ̀ ni àwa oníwèé-ìrìnnà ń gbà, ẹ má lọ bá ẹ̀rọ jà. Pásípọ́ọ̀tù fúnra ẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí pé wọ́n ń já bébà kankan. Wákàtí mẹ́rin tàbí kó dín díẹ̀ la fi dé Wuhan, pátákó kan wà lókè ẹnu ọ̀nà tó ń sọ iye tí tírénì ń sá, mo rí i tó ju 300 kìlómítà láàárín wákàtí kan lọ, omi inú ife mi ò sì mì. Tírénì Èkó sí Ìbàdàn tí àwọn ará Ṣáínà kan náà kọ́ fún wa, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, mo ti wọ̀ ọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀ dáadáa, àmọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì.

Ooru tó pàdé mi ní Wuhan, háà! Mo rò pé mo ti fi ooru sílẹ̀ nílé ni. Wọ́n ń ka Wuhan mọ́ àwọn ìlú mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní iná ìléru, Chongqing àti Nanjing ni méjì tó kù, èmi gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ooru yẹn kan náà, omi gbígbóná ni wọ́n gbé fún mi mu ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Omi gbígbóná o, kì í ṣe tíì. Ẹ̀rọ omi gbígbóná wà níbi gbogbo, nínú tírénì, nínú ilé ìwé, nílé ìwòsàn, gbogbo èèyàn ló gbé fúláàsì kiri. Ẹni tó ń tọ́jú họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ìyá kan tí orí ẹ̀ ti ń funfun, ló gbé e fún mi, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní āyí, bí a ṣe ń pe èèyàn ní àǹtí nílé. Ìyẹn bá mi lára mu gan-an. Níbí, ẹ ò lè ṣàdédé pe àgbàlagbà lórúkọ, awakọ̀ takisí ni shīfu, bí ìgbà téèyàn ní ọ̀gá mi, àgbà obìnrin ni āyí. Mo kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá náà fò sẹ́yìn, ó rò pé mo ṣubú ni.

Āyí yìí ló mú mi lọ síbi tí wọ́n ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Bí èèyàn ò bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, wákàtí 24 ni òfin fún un láti lọ ṣe ìyẹn, òtẹ́ẹ̀lì a máa bá àlejò tiẹ̀ ṣe é. Wọ́n fún mi ní bébà kan, ẹ tọ́jú bébà yẹn bí ojú, gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá lọ ni wọ́n máa bèèrè ẹ̀.

Ó wá kan síìmù. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé ìwé, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó ya fọ́tò ojú mi, ó wá ń tẹ orúkọ mi sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, Olúwadámilọ́lá nìkan, lẹ́tà mẹ́tàlá ni. Orúkọ àárín ṣì wà níbẹ̀, orúkọ bàbá mi náà ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ tiẹ̀ tó wà láyà aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, àmì mẹ́ta péré ni, orúkọ ìdílé ni ọ̀kan, méjì tó kù ni tiẹ̀, ó tán. Ó tẹ tèmi títí, ó pa á rẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní hǎo le, ó ti parí. Mo dúpẹ́, mo lọ. Mi ò wo ohun tó tẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn o, èmi ni mo jẹ̀bi.

Lọ́sẹ̀ kejì mo lọ ṣí àkáǹtì ní báǹkì kan, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo wọlé, aago kan ọ̀sán ni mo jáde. Ìbéèrè ò lópin, kí ni mo wá ṣe, ta ló ń fi owó ránṣẹ́ sí mi, ṣé mò ń san owó orí níbòmíì, kí n kọ nọ́ńbà owó orí mi sí i, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìsìnrú ìlú. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní káàdì. Inú mi dùn, mo dé ìta, mo ṣí WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi ń sanwó níbí, mo ní kí n so káàdì mọ́ ọn. Ó ní rárá, orúkọ ò bára mu. Mo tún un tẹ̀. Rárá. Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, rárá. Mo yọ àlàfo kúrò, mo fi orúkọ bàbá mi ṣáájú, mo gbé e sẹ́yìn, rárá ni gbogbo ẹ̀, títí tó fi ní mo ti gbìyànjú jù, kí n padà wá lọ́la.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Báǹkì kọ orúkọ mi bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, orúkọ bàbá ṣáájú, àlàfo láàárín. Ọmọ oní-síìmù sì ti so gbogbo ẹ̀ pọ̀ bí okùn, orúkọ tèmi ṣáájú, kò fi àlàfo kankan sí i, ó sì jẹ lẹ́tà kan ní ìparí. Níbí, àkáǹtì báǹkì, nọ́ńbà fóònù àti WeChat gbọ́dọ̀ fẹnu kò pé ẹnì kan náà ni yín. Tí wọn ò bá fẹnu kò, owó wà nínú báǹkì o, ẹ ò ní lè fi ra omi nínú áàpù. Ṣé ẹ rí bí mo ṣe di èèyàn méjì?

Ẹ má sọ pé ṣebí owó bébà wà. Ó wà lóòótọ́, wọn ò lè sọ pé àwọn ò gbà á, ṣùgbọ́n ṣéńjì ni kò sí. Èyí tó tóbi jù, 100 yuan ni, ẹ gbé e fún ẹni tó ń ta oúnjẹ àárọ̀, ó máa wò yín bí ẹni pé màlúù lẹ fà wá. Obìnrin kan ń ta bāozi lẹ́nu géètì wa, búrẹ́dì tí wọ́n fi ooru omi gbígbóná sè tí ẹran wà nínú ẹ̀. Mo mú bíi mélòó kan, mo bèèrè iye owó, ó na àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá sí mi. Ìka méjì. Mo fún un ní yuan méjì. Ó mi orí, ó tún na ìka méjì náà. Mo fi hàn án pé méjì náà rèé. Ó gbé ọwọ́ sókè sí ojú mi gan-an, èmi náà gbé owó sókè, a ń jà láìsọ̀rọ̀, títí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi dá sí i. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ka ooókan dé ẹẹ́wàá, àtàǹpàkò pẹ̀lú ìka ìfábẹ̀lá, ẹẹ́jọ nìyẹn. Àtàǹpàkò pẹ̀lú ọmọńdinrín, ẹẹ́fà. Yuan mẹ́jọ ló ń sọ láti àárọ̀. Ojú tì mí dẹ́nu.

Ibi tí Yorùbá ti gbè mí ni ohùn. Àwọn òyìnbó kíláàsì wa ń sunkún lórí ohùn mẹ́rin inú èdè yìí, èmi ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó lè ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù nínú mǎi tí í ṣe rà àti mài tí í ṣe tà? Àmọ́ ẹ má yangàn jù. Mo wọ ilé oúnjẹ kan, mo ní kí wọ́n fún mi ní tāng, ọbẹ̀ olómi, egungun ẹran àti gbòǹgbò lótù ni wọ́n fi ń sè é ní Wuhan, ó dùn gan-an, mo fa ohùn ẹ̀ lọ sókè bí ìgbà téèyàn ń bèèrè ọ̀rọ̀, ni ó bá di táng. Wọ́n gbé ṣúgà wá fún mi nínú àwo kékeré, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi náà la díẹ̀ níbẹ̀, kí n má bàa dójú tì wọ́n.

Àwa dúdú tó bá ń bọ̀, ẹ tún gbọ́ èyí. Ẹ máa gbọ́ nèige, nèige lẹ́nu wọn ní gbogbo ìgbà, nínú ọkọ̀, lórí fóònù, ó máa dàbí èébú tí àwọn òyìnbó fi ń bú aláwọ̀ dúdú létí yín, mo yí ọrùn padà bíi ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mò ń wá ẹni tó ń bú mi. Èébú kọ́. Ìyẹn ló túmọ̀ sí, ohun tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ ni, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń ní kiní yìí, kiní yìí, kí wọ́n tó rántí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Fọ́tò ní tiẹ̀, wọ́n máa yà yín. Àwọn kan á bèèrè, àwọn kan á ṣe bí ẹni ń wo fóònù. Mo gbà fáwọn tó bèèrè.

Ìsinmi mooncake, ìyẹn àjọ̀dún òṣùpá wọn, tó bọ́ sí September 15 sí 17 lọ́dún yẹn, tún gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kejìdínlógún mo padà sí ṣọ́ọ̀bù síìmù. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò jókòó, mo yí lọ sẹ́yìn káńtà, mo dúró ti ọmọ náà, ìwé báǹkì lọ́wọ́ ọ̀tún, pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ òsì, mò ń pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, O, L, U, W, A, àlàfo níbí, rárá, àlàfo ò tíì tó, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan, òógùn bò wá àwa méjèèjì. Nígbà tó parí, mo ní kó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, WeChat gba káàdì. Mo pariwo níta, àwọn èèyàn yà fún mi.

Láti ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń sáré. Mo fi fóònù san 800 yuan owó ìbánigbófò ọdún kan, torí ilé ìwé ò ní lu òǹtẹ̀ lé lẹ́tà mi tí mi ò bá san án. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ara, ẹ má jẹun àárọ̀ lọ o, wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n máa ya fọ́tò àyà, wọ́n máa yẹ ọkàn àti ojú wò, yàrá kan sí yàrá kejì bí ẹni ń jó àjótà. Fún fọ́tò ìwé ìgbélùú, wọ́n ní etí mi méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun mi ní braids títí dé ìdí, a fi ríbọ́ńdù āyí dì í sẹ́yìn.

Ọjọ́ tí gbogbo ìwé pé, Friday, September 27 ni. Mo dé ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń tì í. Ọkàn mi já. Mo ní ó ti parí nìyẹn, Saturday àti Sunday ò sí iṣẹ́, Monday nìkan ló kù kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé ló sì máa wà níbẹ̀. Āyí wo mí, ó ní Sunday iṣẹ́ wà. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa ni. Wọn máa ń yá ìsinmi ni, ẹ gbọ́, bí ìjọba bá fún wọn ní ọjọ́ méje, wọ́n á mú lára Saturday àti Sunday tó ṣáájú tàbí tó tẹ̀ lé e fi san án padà. September 29, ọjọ́ Sunday, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Màmá mi pè mí lórí WeChat láàárọ̀ ọjọ́ náà, oru ni lọ́dọ̀ wọn torí wákàtí méje la fi ṣáájú, wọ́n ní ṣé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹ̀yin ẹ bá mi gbàdúrà, ọ́fíìsì ọlọ́pàá ni mò ń lọ.

Mo san 400 yuan, wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù mi, wọ́n fún mi ní bébà kan pé kí n fi dúró. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ìwé tẹ orúkọ mi, mo na ọrùn wò ó láti òdìkejì gíláàsì, ó rí mi, ó yí ojú kọ̀ǹpútà díẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó pé. Àlàfo méjèèjì wà níbẹ̀.

Ní October, lẹ́yìn tí ìsinmi ti lọ tí òtútù díẹ̀ ti ń wọlé, mo gba pásípọ́ọ̀tù padà pẹ̀lú ìwé ìgbélùú nínú ẹ̀, mo gba ọ̀dọ̀ oníbāozi kọjá. Ó rí mi, ó na àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kí n tó bèèrè, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo fi fóònù mi wo QR code tó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, mo tẹ̀ ẹ́, gbohùngbohùn kékeré tó so kọ́ ẹ̀gbẹ́ agboòrùn ẹ̀ sì kígbe pé bā yuan ti wọlé.