Bí a ṣe ṣètò ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí wáyà iná kò dé

Kí n tó ya àwòrán ilé wa, ìwé kékeré kan ni mo rà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń kọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná nínú ilé àyágbé wa ní Ìkòròdú sínú rẹ̀, pẹ̀lú iye wákàtí tí à ń lò ó lójúmọ́. Ilẹ̀ tí a rà wà ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ejìnrìn, kò sí òpó iná nítòsí rẹ̀, èmi àti ìyàwó mi sì ti fẹnu kò pé a ò ní gbé jẹnẹrétọ̀ débẹ̀.

Gílóòbù mẹ́jọ oníwáàtì 9, wákàtí 5 lálẹ́: wáàtì-wákàtí 360 (ìyẹn wáàtì ní ìlọ́po wákàtí). Fáànù mẹ́ta oníwáàtì 25, wákàtí 10: 750. Fíríìjì kékeré, bíi 1,000. Tẹlifíṣọ̀n, fóònù àti kọ̀ǹpútà, bíi 450. Pọ́ọ̀ǹpù omi fún ìdajì wákàtí, 375. Gbogbo rẹ̀ kò pé wáàtì-wákàtí 3,000 lójúmọ́. Áyọ́ọ̀nù ló ń dà mí láàmú, torí òun nìkan ń fà ju wáàtì 1,000 lọ. Ìyàwó mi wo ìwé náà, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ yọ ọ́ kúrò. Èédú ṣì wà lọ́jà.” Bí a ṣe padà sí áyọ́ọ̀nù eléèédú nìyẹn. Ohunkóhun tí a bá yọ nínú ìwé yẹn, owó bátìrì ni a yọ.

Ọjọ́ tí a fẹ́ ta okùn ìpìlẹ̀, mo kọ́kọ́ lọ kí bàbá àgbà kan ládùúgbò. Bàbá bá mi dé orí ilẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí apá òsì: “Ọmọ mi, ibí yìí ni omi ń gbà lọ sí ọ̀sà lóṣù kẹfà.” A sún ilé kúrò níbẹ̀, a sì gbé ìpìlẹ̀ sókè sí i. Kò sí ìwé kankan tí ǹ bá ti rí ìyẹn kà.

A jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà gbá ògiri yàrá. Fèrèsé kọjú síra wọn, afẹ́fẹ́ tó ń ti ìhà òkun bọ̀ ń wọlé níhìn-ín, ó ń jáde lọ́hùn-ún. Káfíńtà fẹ́ ṣe òrùlé olóríṣiríṣi ṣóńṣó tó wà lóde báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní apá méjì péré ni mo fẹ́. Èyí tó kọjú sí gúúsù wà fún pánẹ́ẹ̀lì sólà, a sì na etí páànù jáde ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kí òjò má baà na ògiri.

Òrùlé yẹn náà ni orísun omi wa. Bí òjò mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí mítà kan níbùú lóròó, lítà omi 1 ni. Òrùlé tiwa tó 120 irú mítà bẹ́ẹ̀, nítorí náà òjò ńlá kan tó tó mìlímítà 30 lè fún wa ní ju lítà 3,000 lọ. A fi páìpù kan sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tó ń gba omi àkọ́kọ́, èyí tó máa ń ru ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku ọyẹ́ wálẹ̀, kí omi tó kù tó yà sínú tánkì méjì oní-lítà 2,500. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lè tó, ìdí nìyẹn tí a fi gbẹ́ kànga. Ibi tí mo ti le jù nìyí: kànga gbọ́dọ̀ jìnnà sí sọkawéè ní ó kéré tán mítà 30. Lórí pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, igun iwájú àti igun ẹ̀yìn ló kù. Bíríkìlà ní mo ń ṣàṣejù. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, mo tún bi aládùúgbò léèrè ibi tí òun fẹ́ gbẹ́ tirẹ̀ sí. Omi ìwẹ̀ kì í dé sọkawéè, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lọ.

Iná ni mo ti kọsẹ̀. Bátìrì olómi méjì ni mo kọ́kọ́ rà, ẹni tó tà á kò sì sọ fún mi pé kò yẹ kí n máa lò ó kọjá ìdajì. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi kú. Mo tọ́jú owó fún oṣù mẹ́fà, mo sì ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tó gba wáàtì-wákàtí 5,120. Pánẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Oṣù keje ni mo fi ṣe ìṣirò, nígbà tí oòrùn tó lágbára lè má ju wákàtí mẹ́ta lójúmọ́. Wáàtì-wákàtí 3,000 tí a pín sí ọ̀nà 3 jẹ́ wáàtì 1,000. Mo fi ti òfò ojú wáyà àti invẹ́tà kún un, mo ra mẹ́rin oníwáàtì 400.

Lóṣù keje tó tẹ̀ lé e, òjò fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ láìdá. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta mo pa fíríìjì láago mẹ́wàá, mo sì tàn án padà láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹja tí ìyàwó mi rà lọ́jà Olúwo ṣì le bí òkúta.