Bí mo ṣe fi bakitéríà ilẹ̀ àti yúríà gbin ìrẹsì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ra bakitéríà ilẹ̀ fún ìrẹsì, ìyẹn kòkòrò tíńtín tó ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìyẹ̀fun, èmi gan-an ni mo pa á. Mo pọn omi ẹ̀rọ sínú garawa, mo da ìyẹ̀fun dúdú inú ọ̀rá náà sí i, mo bu yúríà, ajílẹ̀ tó ń fún irúgbìn ní náítírójìn, kún un kí n lè fi ẹsẹ̀ kan ṣe iṣẹ́ méjì, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ oko títí oòrùn fi kanrí kí n tó rí àyè dà á sídìí ìrẹsì. Kò yí nǹkan kan padà. Gbogbo ẹni tó bi mí léèrè ni mo sì sọ fún pé irọ́ ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò ló gbọ́. Ó ní, "Àbúrò, ohun ẹlẹ́mìí lo rà, o wá ń lò ó bí ẹni ń po símẹ́ǹtì." Ó wá tú u fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú. Oòrùn ń pa wọ́n. Yúríà tó bá ki nínú omi garawa sì máa ń fa omi ara wọn gbẹ, bí iyọ̀ ṣe ń ṣe ìgbín. Ìyẹn ni pé òkú ni mo dà sídìí ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Mo pinnu pé máa tún un ṣe, lọ́nà tí ojú mi á fi rí òtítọ́ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ wọn kí ohun tí mo ṣe lè yé yín. Nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, 78 ló jẹ́ náítírójìn, ṣùgbọ́n ìrẹsì kò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí nǹkan kan kọ́kọ́ sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹ̀wà ní kókó róbótó-róbótó lára gbòǹgbò rẹ̀, inú kókó yẹn ni bakitéríà kan tó ń jẹ́ Rhizobium ń gbé tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún un. Ìrẹsì kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Bakitéríà tí mo lò ni Azospirillum, tí Johanna Döbereiner, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Brazil, mú kí ayé fiyè sí ní àwọn ọdún 1970. Ara gbòǹgbò ló ń lẹ̀ mọ́, ṣúgà tí gbòǹgbò ń sun sínú ilẹ̀ ló sì ń jẹ. Náítírójìn tó ń fún ìrẹsì kò pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń tà á ti máa ń sọ ọ́ ju bó ṣe mọ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lójú tèmi ni èròjà kan tó ń tú jáde tó máa ń mú kí gbòǹgbò ya ẹ̀ka kí irun rẹ̀ sì kún. Gbòǹgbò tó bá kún á tètè bá yúríà nílẹ̀ kí omi tàbí afẹ́fẹ́ tó gbé e lọ. Bakitéríà míì tó ń jẹ́ Bacillus náà wà nínú ọ̀rá yẹn. Irú rẹ̀ kan máa ń tu ásíìdì tó ń yọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ irúgbìn míì, tó ti há sínú ilẹ̀.

Mo pín ilẹ̀ sí abala márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 5 sí mítà 4. Mo fi amọ̀ mọ ògiri kékeré yí wọn ká, mo sì ṣe ojú ọ̀nà omi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí omi má baà máa kó bakitéríà láti ibi kan sí ibòmíràn. Abala kìíní kò gba yúríà, kò gba bakitéríà. Èkejì gba bakitéríà nìkan. Ẹ̀kẹta gba yúríà ní kíkún. Ẹ̀kẹrin gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yúríà láìsí bakitéríà. Ẹ̀karùn-ún gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí kan náà pẹ̀lú bakitéríà. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi dandan lé ẹ̀kẹrin. Èmi ti fẹ́ fò ó, ó ní tí n kò bá ní in, mi ò ní lè mọ̀ bóyá bakitéríà ló ṣiṣẹ́ tàbí pé yúríà mi ti pọ̀ jù láti ilẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Ìwọ̀n náítírójìn tí àyẹ̀wò ilẹ̀ mi bèèrè fún ni kílò 100 lórí hẹ́kítà kan. Yúríà kì í ṣe náítírójìn látòkèdélẹ̀ o, 46 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni, nítorí náà abala kan tó jẹ́ 20 mítà níbùú-lóròó gba gíráàmù 435. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 326. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ́táṣì ni mo fún gbogbo abala ní ìwọ̀n kan náà kí n tó gbìn. Mo tún da ewé tó ti jẹrà dúdú sí gbogbo wọn, torí ilẹ̀ tó bá gbẹ́ kanlẹ̀, ebi ni yóò pa kòkòrò tí ẹ bá kó síbẹ̀.

Irúgbìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo po iyọ̀ mọ́ omi títí ẹyin tútù fi léfòó nínú rẹ̀, mo da irúgbìn sí i, mo kó gbogbo èyí tó léfòó dànù, mo sì ṣan èyí tó rì dáadáa kí iyọ̀ kankan má ṣẹ́ kù. Mo rẹ ẹ́ fún wákàtí 24, mo wé e sínú àpò tútù fún wákàtí 24 míì, títí ẹnu funfun kékeré fi yọ lórí rẹ̀. Mo pín in sí méjì. Mo gbé apá kan sábẹ́ ibòji, mo wọ́n omi òjò sí i díẹ̀, mo bu ìyẹ̀fun lé e, mo sì fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ títí gbogbo rẹ̀ fi dúdú. Ẹ má ṣe ra irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn tó ń pa olú (fúngọ́ọ̀sì) pa lára fún iṣẹ́ yìí. Oògùn ọ̀hún lè pa bakitéríà yín pẹ̀lú.

Ọjọ́ 21 ni wọ́n lò níbi tí mo ti hù wọ́n, ọ̀tọ̀ ni ti apá kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ṣí wọn lọ sí abala, mo po ìyẹ̀fun tó kù mọ́ omi òjò àti ẹrẹ̀ díẹ̀ títí ó fi ki bí ọ̀gì, mo sì rẹ gbòǹgbò àwọn tó gba bakitéríà sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìrọ̀lẹ́ ni mo gbìn. Mo kọ́kọ́ gbin àwọn abala tí kò ní bakitéríà, torí bí mo bá ti ti ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ tó mọ́ fún wọn mọ́. Ẹyọ méjì-méjì nínú ihò kan, sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín ihò sí ihò. Mo fi omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 sílẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Azospirillum fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ kó pọ̀.

Ibi yúríà ni mo ti ṣọ́ra jù. Bí náítírójìn bá ti kún ilẹ̀, bakitéríà á dá ti afẹ́fẹ́ tó ń sọ di oúnjẹ dúró, kò sídìí tí yóò fi ṣe wàhálà. Nítorí náà mi ò fi yúríà síbẹ̀ lọ́jọ́ ìgbìn rárá. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà ni mo fi ìdá kan nínú mẹ́ta, gíráàmù 145 sí abala ẹ̀kẹta, 109 sí ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún. Mo fa omi kúrò kó ku ẹrẹ̀, mo wọ́n ọn, mo sì dá omi padà kó lè gbé e wọlẹ̀. Ẹni tó bá da yúríà sójú omi lọ́sàn-án gangan, afẹ́fẹ́ ló ń bọ́. Ìdá kejì wọlé ní ọjọ́ 30, nígbà tí ìdí ìrẹsì ń ya ọmọ. Ìdá kẹta dúró de ìgbà tí ṣírí bẹ̀rẹ̀ nínú igi. Ojú òde kò fi èyí hàn, abẹ ni mo fi là igi kan láti ìdí lọ sókè. Nígbà tí mo rí nǹkan funfun kan nínú rẹ̀ lókè kókó tó kẹ́yìn, tó ní irun bí owú, tí kò gùn ju mílímítà méjì lọ, mo mọ̀ pé àsìkò ti tó.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, abala kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí jẹ. Ewé rẹ̀ tutù ju ti abala kìíní lọ, mo sì ń rò ó pé bóyá bakitéríà nìkan á tó. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ẹnu ṣóńṣó wọlé, nígbà tí ewé òkè ṣì tutù. Àmì àìtó náítírójìn nìyẹn, igi ń yọ ọ́ lára ewé àgbà fún ewé ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo hú ìdí kan ní etí abala ẹ̀kẹrin àti ọ̀kan ní ẹ̀karùn-ún. Mo fọ̀ wọ́n sínú abọ́ funfun. Gbòǹgbò ẹ̀kẹrin mọ́, ó sì gùn, mo lè kà á. Ti ẹ̀karùn-ún dì bí irùngbọ̀n àgbàlagbà, ẹrẹ̀ kò fẹ́ tú kúrò lára rẹ̀, mo sì ní láti pààrọ̀ omi abọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó rí funfun rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbé abọ́ náà lọ fún ẹ̀gbọ́n mi láìtíì wẹ ọwọ́.

Mo kórè, mo pa á, mo fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, mo sì sá a gbẹ kí n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Abala kìíní fún mi ní kílò 4.8. Èkejì, 5.4. Ẹ̀kẹta tó gba yúríà kíkún, 9.1. Ẹ̀kẹrin, 8.1. Ẹ̀karùn-ún, 8.9.

Abala mi kéré, ọdún kan ni mo sì ṣe é. Eku kan tàbí òjìji igi lè mú díẹ̀ lọ ní igun kan, torí náà mi ò ka ìyàtọ̀ 9.1 àti 8.9 sí nǹkan kan. Èyí tí mo kà sí ni 8.1 àti 8.9, ìwọ̀n yúríà kan náà ni méjèèjì gbà. Gíráàmù 109 ni mo fi dín yúríà kù lórí abala kan, tí a bá gbé e sórí hẹ́kítà, ó jẹ́ nǹkan bíi kílò 54. Ẹni tó bá wá ní kí n fi bakitéríà rọ́pò yúríà pátápátá, kó wá wo 5.4 yẹn.

Mo ti ra ọ̀rá míì. Ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán ni mo kọ́kọ́ wò lára rẹ̀, ó ku oṣù márùn-ún, mo sì gbé e sí igun tó tutù jù nínú ilé, níbi tí oòrùn kì í dé. Lọ́tẹ̀ yìí, abala mẹ́fà ni mo fẹ́ pín: mo fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí mo bá dín yúríà kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta.