Bí A Ṣe Ń Wá Wúrà, Tí A Ń Wà Á, Tí A Sì Ń Fọ̀ Ọ́ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọ̀nà méjì ni wúrà gbà wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀kan há sínú òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní quartz, bíi ti agbègbè Iperindo. Èkejì sì ni èyí tí àgbàrá ti fọ̀ kúrò lára àpáta láti ayébáyé, tó wá rọ̀ sí ìsàlẹ̀ odò àti àbàtà, bíi ti Itagunmodi. Ti ẹsẹ̀ odò yìí ni màá ṣàlàyé, nítorí pé òun ló kan omi tí à ń mu jù lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó ti ọkọ́ bọ ilẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Lábẹ́ òfin ìwakùsà ti ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ Nàìjíríà, nítorí náà owó tí a san fún onílẹ̀ nìkan kò tó.

Nígbà tí a bá ń wá a, ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà ni a ti ń bu iyanrìn, nítorí pé níbi tí omi ti dẹwọ́ ni ohun tó wúwo ń jókòó sí. A ó da iyanrìn náà sínú igbá fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, a ó bomi sí i, a ó sì máa yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí a bá ń yọ òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19, bẹ́ẹ̀ iyanrìn lásán kò tó ìlọ́po 3. Ìdí nìyí tí iyanrìn fi ń bá omi lọ, tí wúrà sì ń kù sábẹ́ pẹ̀lú iyanrìn dúdú. Bí a bá rí i, a ó máa gòkè odò lọ títí a ó fi dé ibi tí kò ti sí mọ́, a ó wá padà yẹ bèbè tó wà láàárín ibẹ̀ àti ibi tí a ti rí i kẹ́yìn wò.

Nígbà wíwà, a ó ha erùpẹ̀ ọlọ́ràá òkè sọ́tọ̀, a ó sì gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi òkúta wẹ́wẹ́, láìfọwọ́ kan ojú odò gan-an. Inú ọpọ́n gígùn tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, kí ó lè di wúrà mú, ni a ti ń fọ̀ ọ́. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ jáde, inú kòtò ni kí ó lọ, kí ẹrẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ kí a tó tún omi náà lò. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe èyí, odò ni wọ́n ń da ẹrẹ̀ sí, ó sì ń dùn mí pé odò Ọ̀ṣun pọ́n kọjá lẹ́bàá igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi sínú ogún àgbáyé ní ọdún 2005.

Ìgbésẹ̀ tó léwu jù ni yíyọ wúrà kúrò nínú iyanrìn dúdú. Àwọn kan ń pò ó mọ́ mẹ́kúrì, irin olómi tó máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà, wọ́n á wá yan án lórí iná kí mẹ́kúrì lè gbẹ kúrò lára rẹ̀. Èéfín mẹ́kúrì yìí ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́; èyí tó bá sì bọ́ sínú omi ń wọ ara ẹja, láti ibẹ̀ ó ń dé ara aboyún àti ọmọ inú rẹ̀. Ohun tó sàn ni kí a tún iyanrìn náà fọ̀, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a fi mágínẹ́ẹ̀tì fa irin inú rẹ̀ kúrò, kí a sì yọ́ ìyókù lórí iná pẹ̀lú borax, ìyẹ̀fun funfun kan tí yóò gbé ìdọ̀tí léfòó, tí wúrà yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń lọ òkúta tí wúrà há sínú rẹ̀, kó má ṣe lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé. Ní Zamfara ní ọdún 2010, eruku òkúta wúrà tó ní òjé nínú pa ọmọdé tó lé ní 400.

Lẹ́yìn iṣẹ́, erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń dà padà sínú kòtò, kí a tó da ti òkè tí a hà sọ́tọ̀ lé e, kí a sì gbin nǹkan sí i kí òjò tó dé, nítorí pé kòtò tí a fi sílẹ̀ ń gba omi dúró, ọmọdé sì ń kó sí i.