Bí a ṣe ń fi mil mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó

Mil ni àwọn ológun tó ń yin àgbá fi ń wọn igun. Dígírì kan ṣoṣo gba nǹkan bíi mil 17.8 ti NATO, àjọ ológun Amẹ́ríkà àtàwọn alájọṣe rẹ̀. Ohun tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì wà ní 1,000 mítà sí yín, yóò gba bíi mil kan. Ẹni tó bá ti mọ bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣírò bó ṣe jìnnà tó.

Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ wádìí irú mil tó wà lára irinṣẹ́ yín. Ibí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń dàrú. NATO pín òbíríkítí sí mil 6,400, Soviet pín tiwọn sí 6,000, Sweden ní tirẹ̀ lo 6,300 tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ìṣírò mu jẹ́ bíi 6,283. Igun 90 dígírì jẹ́ 1,600 lọ́dọ̀ NATO, àmọ́ 1,500 ni lọ́dọ̀ Soviet. Bí ẹ bá gbé 1,500 ti Soviet sórí kọ́ńpáàsì NATO, ẹ ti fi bíi dígírì 5.6 yà kúrò lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá fi máa rin kìlómítà mẹ́ta, ẹ ó ti fi nǹkan bíi 300 mítà ṣìnà. Láti yí ti Soviet sí ti NATO, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 16, kí ẹ wá fi 15 pín èsì rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: 15-00 ni 1,500, kì í ṣe 15.

Kọ́ńpáàsì ológun Amẹ́ríkà ní ìwọ̀n méjì lójú kan náà: dúdú tó wà lẹ́yìn òde ni mil, pupa tó wà nínú ni dígírì. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ka pupa pè é ní mil.

Ẹ ò nílò awò awọ̀nàjíjìn olówó gọbọi. Ẹ so okùn mọ́ rúlà, kí ẹ di etí okùn kejì mú sẹ́nu, kí rúlà sì wà ní 50 sẹ̀ǹtímítà gééré sí ẹyinjú. Mìlímítà kan lórí rúlà jẹ́ mil méjì. Láìsí okùn, ọwọ́ á máa ká, ìwọ̀n á sì máa yí padà.

Ẹ wá ohun tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ojú góòlù bọ́ọ̀lù fẹ̀ ní 7.32 mítà láàárín òpó méjèèjì. Bó bá gba mìlímítà 6 lórí rúlà, mil 12 nìyẹn. Ẹ sọ 7.32 di ìlọ́po 1,000, kí ẹ fi 12 pín in: 610 mítà. Àmọ́ bí ẹ bá kà á sí 5.5 dípò 6, yóò di 665. Nítorí náà, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ mú ti àárín, kí ẹ sì yan ohun tó fẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, iye mil á dínkù, jíjìnnà rẹ̀ á sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ gan-an.

Rúlà kò nílò àtúnṣe, torí pé mil tó bá ìṣírò mu ló ń fúnni. Bí awò NATO bá ni ẹ lò, ẹ fi bíi 2 nínú ọgọ́rùn-ún kún èsì. Bó bá jẹ́ ti Soviet, ẹ yọ bíi 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò.